Bí Mo Ṣe Gbé Eré Mi Lọ fún Àwọn Ewúrẹ́ Ilé Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ̀yin tí a jọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ eré, àlá tí mo lá mọ́jú òní, bí ẹ bá ní irọ́ ni, n kò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ ṣáà mọ̀ pé òní ni ilé tẹlifíṣọ̀n ní kí n wá ṣàlàyé eré àtìgbàdégbà mi, eré mi àkọ́kọ́. Mo ti búra fún ara mi pé bí wọn kò bá gbà á, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo ń padà sí, n kò tún ní kọ eré mọ́ láyé.

Lójú àlá, mo dé ilé tẹlifíṣọ̀n náà, àṣé òkè ló wà. Ó so rọ̀ lókè oko ẹ̀gẹ́ kan, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi gúáfà kó má baà lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Mo ní bóyá kí wọ́n lè máa rí gbogbo ayé ni. Ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà gbé korobá fún mi.

"Ẹ wọ inú ẹ̀, Àǹtí. Ẹ di eré yín mú o, atẹ́gùn òkè yìí kì í ṣọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni."

Ó fà mí sókè bí ẹni ń fa omi kànga. Ní àárín ọ̀nà, Apá Kẹta eré mi yọ orí láti inú báàgì.

"Èmi ò lọ o," ó ní. "Wọn ò ní fẹ́ràn mi. Apá Kejì ni gbogbo èèyàn máa ń fẹ́ràn."

Mo ní kó fara balẹ̀, pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ó fa imú, ó sì padà wọnú báàgì.

Ọ̀gá mẹ́ta ló jókòó sídìí tábìlì, gbogbo wọn de táì. Níbi tí wọ́n gbé tọ́ mi, ẹni tó bá wọlé tí kò kí èèyàn, kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo kúnlẹ̀, mo kí ọ̀gá àgbà, mo béèrè ìyàwó rẹ̀, mo béèrè àwọn ọmọ. Mo kí èkejì, mo kí ẹ̀kẹta. Àga tí mo fẹ́ jókòó lé ní, "Èmi ńkọ́?" Mo kí i. Fáànù òkè húkọ́, mo kí òun náà kú iṣẹ́, kú ooru. Nígbà tí mo fi máa kí kọ́bọ́ọ̀dù tán, aago ara ògiri ní àkókò mi ti pé.

"Ẹ ṣàánú mi, sà," mo ní.

"Ó dáa," ni ọ̀gá àgbà wí. "Gbólóhùn kan péré. Kí ni eré rẹ dá lé lórí?"

"Sà, ó dá lórí ìfẹ́, àti ìdílé, àti àṣà wa, àti ìyà tó ń jẹ obìnrin, àti..."

"Ó gùn jù," ni àga tí mo jókòó lé wí.

Bí mo ṣe gbójú sókè, irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n ọ̀gá kejì, ìwo méjì ti yọ lórí rẹ̀. Ó ti di ewúrẹ́. N kò torí ìyẹn dín ọ̀wọ̀ rẹ̀ kù, táì ṣáà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó béèrè pé ibo ni wọ́n ti máa polówó ọṣẹ nínú eré náà. Kí n tó dáhùn, òun àti ẹ̀kẹta, tóun náà ti ń ké mẹ̀ẹ̀, ti ń jẹ Apá Kẹrin.

"Sà, ẹ rọra, ibẹ̀ ni ìyàwó ojú ọ̀nà mi wà!"

"Ó dùn," ni ọ̀gá àgbà wí. Òun náà ti ń jẹ àpọ̀jẹ. "Iyọ̀ rẹ̀ ló kéré."

Ooru mú mi, mo dìde lọ ṣí fèrèsé. Ẹ má rẹ́rìn-ín, fèrèsé ilé Tísà Oyèbọ̀dé ni, ní Ìkìrun, níbi tí mo gbé dàgbà. Àwọn àgbà inú yín á rántí ìgbà náà, tó jẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò, nínú àpótí onígi tó ní ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́. Tísà á ṣí i ní ìrọ̀lẹ́, bàtà á kún ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó tètè dé á jókòó sílẹ̀. Àwọn tó pẹ́ á dúró síta, wọn kì í rí nǹkan kan. Ìyá mi, onídìrí, ló máa ń gba ojú fèrèsé, á máa wò ó, á sì máa sọ ọ́ fún àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ó ti wọlé. Ó ti rí aṣọ ọmọ náà. Háà, ó ti bú sẹ́kún!" Ó máa ń fi tirẹ̀ kún un. Ó dùn débi pé àwọn tó ti ríbi jókòó nínú ilé máa ń dìde jáde wá gbọ́ tirẹ̀, inú á sì máa bí Tísà.

Ìyá mi ló dúró lójú fèrèsé yẹn, tòun ti ìyarun tó há sórí. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti kú. Kí n sọ òótọ́ fún yín, n kò rántí ilé tẹlifíṣọ̀n mọ́. Àárò rẹ̀ sọ mí, ó sọ mí gidigidi.

"Àṣàbí, kí lò ń ṣe láàárín ewúrẹ́?"

"Màámi, wọ́n ní kí n sọ eré mi ní gbólóhùn kan. Mi ò rí i sọ."

"Ìwọ náà ń sọ ìfẹ́, ò ń sọ àṣà. Bí mo bá sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn mi yìí pé eré ìfẹ́ ló ń lọ lọ́wọ́, ṣé wọn ò ní gbalé wọn lọ?"

"Kí ni kí n wá sọ?"

"Ohun tí o rí ni kó o sọ. Ta ló wà níbẹ̀? Kí ló ṣe? Kó o wá dánu dúró díẹ̀."

"Bí wọn ò bá gbọ́ ńkọ́?"

"Ewúrẹ́ náà létí, ọmọ yìí."

Mo fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ni iná bá lọ ní gbogbo Ìkìrun. Tẹlifíṣọ̀n Tísà kú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó padà sílé. Nínú òkùnkùn, mo ń gbọ́ ohùn ìyá mi, ó ń bá eré tí òun fúnra rẹ̀ kò rí mọ́ lọ, àwọn ewúrẹ́ sì ń béèrè pé, "Kí ló tún ṣe?"

Bí mo ṣe jí nìyẹn. Fáànù ti dúró, òógùn bò mí, ẹnì kan sì ń kan ilẹ̀kùn. Ìyá Mótúnráyọ̀ ni, tí a jọ ń gbé inú ilé kan náà, tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Àǹtí Télọ̀, ẹ kú àárọ̀ o. Iná lọ lójú mi lánàá kí eré yẹn tó parí. Kí ló padà ṣẹlẹ̀?"

"Mi ò wo ìyẹn," mo ní. "Òmíràn ni mo mọ̀. Onídìrí kan ń di irun ìyàwó tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀la. Bó ṣe ya irun náà sí méjì báyìí, ó rí àpá kan. Ọmọ rẹ̀ tí wọ́n jí gbé ní ogún ọdún sẹ́yìn ni! Obìnrin tó jí i gbé ló sì jókòó tì wọ́n yẹn, tó ń bá wọn rẹ́rìn-ín."

Mo dánu dúró.

Ìyá Mótúnráyọ̀ fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Ó wá sọ̀rọ̀ àbí kò sọ̀rọ̀?"

Mo yíjú, mo ń wá báàgì eré mi.

"Àǹtí Télọ̀, ẹ má ṣe mí báyìí o! Orí tẹlifíṣọ̀n wo ni wọ́n ti ń ṣe é, ọjọ́ wo sì ni wọ́n máa ṣe ìyókù?"