Ààlà Tó Wà Lábẹ́ Omi

Láti ìgbà tí Àlàmú àti Akínpẹ̀lú ti jà lórí ààlà oko ní Abà Jagun, abúlé kan tó wà létí adágún lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, wọn kò kí ara wọn mọ́. Àwọn àgbà dá sí i títí, ẹjọ́ náà kò parí.

Abà ọ̀hún kún fún èèyàn nígbà náà. Ẹja pọ̀ nínú adágún, àwọn oníṣòwò sì ń wá rà á láti Ọjà Igbó. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún tí òjò bá ti rọ̀, omi á tún sún mọ́ ilé sí i. Ó gba oko, ó gba ọ̀nà, nígbà tó yá ó wọ mọ́ṣáláṣí. Àwọn èèyàn ṣí páànù ilé wọn, wọ́n kó lọ. Àlàmú kó wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, Akínpẹ̀lú gba Ọ̀yọ́ lọ. Koríko àti ẹyẹ ló jogún abà.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí, Àlàmú sọ fún Waliyat, ọmọ rẹ̀ tó ń ránṣọ ní Takie nínú Ògbómọ̀ṣọ́, pé òun fẹ́ fojú kan ilé tí wọ́n bí òun sí. Waliyat fi mọ́tò gbé e lọ. Àlàmú ń fọwọ́ pa ògiri yàrá ìyá rẹ̀ lára nígbà tó gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́. Akínpẹ̀lú ni. Ó jókòó lórí òkúta létí omi, orí rẹ̀ ti funfun báláú, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Waliyat kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó o, bàbá."

"Káàbọ̀, ọmọ mi." Ó wá wo Àlàmú. "Ìwọ náà wá?"

"Mo wá." Àlàmú rìn sún mọ́ ọn. "Níbo ni ààlà wa wà báyìí?"

Akínpẹ̀lú nawọ́ sí àárín adágún. "Bóyá lábẹ́ ọkọ̀ apẹja yẹn. Lọ wọ̀n ọ́n wò."

Ẹ̀rín pa Àlàmú títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Áà, ẹja ló ń dáko wa!"

"Wọn ò sì jà," ni Akínpẹ̀lú wí. Ó sún, ó fún un láyè lórí òkúta, ó bu ẹ̀pà sí i lọ́wọ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè ilé àti ọmọ. Wọ́n dárúkọ àwọn tó ti kú, Àlàmú sì ṣàdúà fún wọn, Akínpẹ̀lú ṣe àmín. Waliyat kò gbọ́ kí bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí mọ́tò Waliyat gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé Takie, Akínpẹ̀lú fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kó lọ wọ ọkọ̀ Ọ̀yọ́. Àlàmú di báàgì rẹ̀ mú. "Ilé mi lo máa sùn. Ọ̀yọ́ ò ní sá lọ."

Akínpẹ̀lú pe Fọláṣadé, ọmọ rẹ̀, lórí fóònù. "Má retí mi lónìí. Ọ̀dọ̀ Àlàmú ni mo wà."

"Àlàmú wo, Bàbá?"

"Àlàmú ará abà wa."

Fọláṣadé pariwo ayọ̀ débi pé àwọn tó wà nínú mọ́tò gbọ́ ọ. Waliyat páàkì, ó lọ ra iṣu kún èyí tó wà nílé.