Àtẹ́wọ́ Ìyá Olórin

Ọ́fíìsì tí ìjọba ti ń bá àwọn ará ìlú tó wà lókèèrè sọ̀rọ̀ lórí rédíò ni Ìyá Olórin ń gbá. Orin rẹ̀ a máa ṣáájú ìgbálẹ̀ wọ yàrá. Àwọn akọ̀wé a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: bí ohùn ìyá bá ń lọ sọ́jà, àtẹ́wọ́ rẹ̀ á forí lé oko.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá Onígíláàsì, olórí ọ́fíìsì náà, dá a dúró.

"Màmá, orin tẹ́ ẹ fi ń pe àwọn ọmọ yín wálé, ẹ wá kọ ọ́ sí rédíò. Àwọn èèyàn wa tó sá kọjá ibodè á gbọ́, wọ́n á padà. Aráyé á wá rí i pé ìlú wa ti tòrò."

"Ọ̀gá, ta ló sọ fún yín pé mo lọ́mọ níbẹ̀?"

"Iṣẹ́ wa ni ká mọ̀, màmá." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín eyín lásán.

Ìyá di ìgbálẹ̀ rẹ̀ mú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lódìkejì ibodè pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀ méjì. Ìyá ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ojú tó wà nínú fọ́tò. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń nù, ìwé ìrìnnà àwọn tó kọ́kọ́ padà kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ẹni tí wọ́n gba ìwé rẹ̀, ibo ló tún fẹ́ gbà jáde? Bí òun bá sì kọ̀, wọ́n á bi òun léèrè ohun tí òun mọ̀.

Ó wọ yàrá ẹ̀rọ. Láyé ọjọ́un, bó bá pàtẹ́wọ́ sí orin náà, oúnjẹ ti délẹ̀. Bí kò bá pa á, àlejò burúkú wà nílé, kí àwọn ọmọ má yọjú.

Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó kọ ọ́:

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wálé o,
Iná ti jó, omi ti hó,
Ẹ wálé o, ilẹ̀ ti ń ṣú."

"Àtẹ́wọ́ ńkọ́, màmá?"

"Làkúrègbé ni, ọ̀gá. Ilẹ̀ yín tí mò ń gbá ló fà á."

"Ẹ má yọnu. Ẹ̀rọ á pa á fún yín."

Lọ́jọ́ kejì, orin jáde, àtẹ́wọ́ ń dún nínú rẹ̀, pá, pá, pá, bí ìrìn sójà. Ìyá jókòó ti fóònù rẹ̀, kò gbálẹ̀, kò kọrin, títí ó fi dún.

"Màámi, mo gbọ́ orin yín," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Àwọn ọmọ ti ń di ẹrù."

Kí ìyá tó dáhùn, ọmọ rẹ̀ tún wí pé:

"Mo ní kí wọ́n tú u. Láti kékeré mi, àtẹ́wọ́ yín ò bá orin mu rí. Ta ló wà lọ́dọ̀ yín, màámi?"

Ìyá rántí pé àwọn tó mọ̀ pé òun lọ́mọ lè máa tẹ́tí sí fóònù yìí.

"Kò sẹ́nì kankan, ọmọ mi. Jẹ́ ká jọ kọrin."

Ó gbé orin náà. Ọwọ́ kan di fóònù mú, èkejì dúró jẹ́ẹ́ lórí itan.