Fọ́tò Kọkànlá

Àwọn mẹ́fà ni wọ́n máa ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Màmá Aláwò, ìyá àgbà tó ń ta awò ojú. Kò sẹ́ni tó ń fi fọ́tò jẹun nínú wọn. Ìfẹ́ lásán ni, àbí ká kúkú pè é ní wèrè, torí irú kámẹ́rà tí wọ́n yàn láàyò, kì í ṣe ti ẹni tó fẹ́ ìrọ̀rùn. Fèrèsé kékeré kan ló wà lókè rẹ̀, ibẹ̀ lèèyàn á fi ojú sí. Wàá rí ẹni tó o fẹ́ yà ní méjì, bí ọ̀mùtí ṣe ń ríran, wàá wá máa fi ìka yí gíláàsì iwájú títí méjì á fi di ọ̀kan, kó o tó tẹ̀ ẹ́. Fèrèsé ọ̀hún ò sì mọ nǹkan kan nípa gíláàsì iwájú o. Màmá Aláwò fúnra rẹ̀ ya gbogbo ọjọ́ ìbí ọmọ-ọmọ rẹ̀ láìṣí ìdérí gíláàsì, ó kó òkùnkùn méjìlélọ́gbọ̀n wálé. Títí dòní, tí wọ́n bá fẹ́ fi Màmá ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n á ní kó mú àwọn òkùnkùn yẹn wá ká tún wò wọ́n.

Òfin kan ni ẹgbẹ́ náà ní. Oníkálukú á fọ fọ́tò rẹ̀ wá, á da ojú rẹ̀ dé sórí tábìlì, láìkọ orúkọ sí i. Wọ́n á ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bú u, wọ́n á yìn ín, láìwojú ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu gbogbo wọn ni ẹni tó ni ín á tó sọ pé, "Tèmi ni." Ó parí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò tún gbọdọ̀ sọ nǹkan kan lé e.

Nínú wọn, Káfíńtà àti Aláago tó ń tún aago ṣe ni wọ́n sún mọ́ra jù. Ọ̀rẹ́ ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n. Káfíńtà ló kọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò, òun ló sì máa ń rọ̀jò ọ̀rọ̀ lé e lórí pé fọ́tò tí ojú èèyàn ò bá ti mọ́ nínú ẹ̀, kó pa á rẹ́, kó má jẹ́ kó gba àyè. Aláago ló ní kọ̀ǹpútà. Kámẹ́rà ti Káfíńtà ò ní ojú ìwòran lẹ́yìn, tó bá ya nǹkan tán, kò ní mọ ohun tó yà àfi tó bá gbé mẹ́mọ́rì rẹ̀ lọ sílé Aláago.

Ìyàwó Káfíńtà ò fẹ́ rí kámẹ́rà yẹn sójú. Orogún ló ń pè é. Tílẹ̀ bá mọ́, á bi ọkọ rẹ̀ bóyá orogún òun ti jí. Tí ọkọ bá dojú ẹ̀ kọ ọ́ báyìí, ó ti sá. Àfi àárọ̀ Sọ́ńdè kan tó fẹ̀yìn ti férémù ilẹ̀kùn ilé ìdáná, tó ní ó yá, kí wọ́n ya òun, kí orogún òun rí òun dáadáa lẹ́ẹ̀kan láyé. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Mọ́kànlá ni Káfíńtà yà. Nínú mẹ́wàá, ó kọjú sí i. Ìkọkànlá, ó ti yíjú padà, ó ní omi òun ti ń hó lórí iná. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e lọ láàárín ìdajì ọjọ́ kan. Fọ́tò kan ṣoṣo tó kù nínú ilé ni èyí tó wà lára káàdì iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà ti ṣá.

Kámẹ́rà yẹn ti já bọ́ látorí tábìlì iṣẹ́ ṣáájú Sọ́ńdè yẹn, àtìgbà náà ló ti ní àrùn. Méjì á di ọ̀kan nínú fèrèsé bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹni tá a yà ló máa ń mọ́ kedere, ẹni náà gan-an á ṣú bàìbàì. Káfíńtà gbé e fún Aláago, tòun ti mẹ́mọ́rì, pé kó tún un ṣe, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ bá òun yọ ìyàwó òun jáde níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Aláago wá sílé. Ó ní kámẹ́rà ti dáa, mẹ́mọ́rì ló kú, kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀ mọ́. Káfíńtà sunkún bí ọmọdé. Aláago jókòó tì í, ó bá a sunkún, ó fi áńkáṣíìfù nù ún lójú. Ẹ gbọ́ o, áńkáṣíìfù ara rẹ̀.

Ọdún kan àtoṣù méjì kọjá. Ó wá di Sátidé tí wọ́n fẹ́ yan fọ́tò tó dáa jù, tí wọ́n máa gbé kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Màmá Aláwò ṣí ìkẹrin, gbogbo wọn na ọrùn sí i. Obìnrin kan ni, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ṣú bàìbàì bí ẹni tó wà nínú èéfín, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ dà sí i léjìká. Férémù ilẹ̀kùn tó wà níwájú rẹ̀ ló mọ́ kedere. Wọ́n yìn ín títí. Káfíńtà náà yìn ín, ó wá fi ṣẹ̀fẹ̀ pé irú àrùn tó ṣe kámẹ́rà òun nígbà kan ló ń ṣe kámẹ́rà ẹni yìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Aláago ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Káfíńtà ò fọkàn sí i.

Ó ti ń wo pákó. Kí lẹ tún retí kí káfíńtà máa wò? Lápá òsì férémù náà, pákó dúdú kékeré kan wà nínú pákó pupa, ó tó àtàǹpàkò, igun rẹ̀ kan wọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló kan ìṣó síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, pé òun fẹ́ gbé kàlẹ́ńdà kọ́, tí férémù fi là. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló gé ibẹ̀, òun ló fi pákó mìíràn dí i, ìyàwó rẹ̀ sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní odindi ọ̀sẹ̀ kan pé ògbólógbòó káfíńtà ń lẹ ilẹ̀kùn bí ẹni ń lẹ ṣòkòtò. Férémù ilé ìdáná Káfíńtà nìyí. Ẹni tó gbé fọ́tò yìí wá ti wo obìnrin náà, ó rí i pé ó ṣú, ó ní ta ló máa dá a mọ̀. Kò wo pákó.

Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu gbogbo wọn.

"Tèmi ni," Aláago wí.

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Láti kékeré ni Káfíńtà ti ń gbọ́ òwe yẹn, ó máa ń rò pé àsọdùn ni. Ó dùn ún wọnú egungun, kì í ṣe tìtorí ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ká ní Aláago tọrọ fọ́tò náà ni, á fún un. Ẹkún tí wọ́n jọ sun ló ń dùn ún. Síbẹ̀, nǹkan kan tún ta kìjí nínú rẹ̀: tí ìkọkànlá bá wà, a jẹ́ pé mẹ́mọ́rì ò kú. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn díẹ̀, ojú sì tì í pé inú òun lè dùn nírú àkókò yìí. Ó rú òfin.

"Ọ̀rẹ́ mi, mọ́kànlá ni mo yà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn," ó ní. "Mẹ́wàá yòókù dà?"

Aláago ò jiyàn. Ó ní láti ọjọ́ tóun ti ń ya fọ́tò, òun ò rí irú ẹ̀ rí, òun ò mọ ìgbà tí irọ́ já bọ́ lẹ́nu òun, nígbà tó sì ti bọ́, òun ò mọ bóun ṣe máa kó o jẹ. Màmá Aláwò bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní ohun tí wọ́n bi í kọ́ nìyẹn.

"Wọn ò dáa," Aláago wí, ohùn tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ fọ́tò nínú ẹgbẹ́ náà ló fi sọ ọ́. "Ojú ẹ̀ ò mọ́ nínú ìkankan. Ìwọ náà lo kọ́ mi. Mo ti pa wọ́n rẹ́."

Káfíńtà na ọwọ́, ó mú fọ́tò náà kúrò lórí tábìlì.

"Tèmi ni," ó wí, ó sì jáde.

Nílé, kò bọ́ bàtà, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló gbà lọ tààrà. Ó gbé fọ́tò náà sókè níwájú ojú rẹ̀, ó ń sún un sọ́tùn-ún, ó ń sún un sósì, títí pákó dúdú inú fọ́tò àti èyí tó wà lára férémù fi di ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń lọ wo omi tó ń hó lórí iná.