Nọ́ńbà Tí Kò Pupa

Ẹ̀yin ará tó ń kà mí, mo kí yín. Ọpẹ́ ni fún Ẹlẹ́dàá tó jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣì máa ṣàn nínú iṣan wa. Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ tèmi.

Abọ́ omi ìrẹsì gbígbóná kan fò kọjá létí Malsuk, obìnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nílé ìwòsàn, bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn wọ wọ́ọ̀dù, ó sì fọ́ yángá mọ́ ògiri.

"Ọwọ́ tó gún ọkọ mi lọ́bẹ ló tún fẹ́ fún un lóúnjẹ!"

Ìyàwó Gapsu ló ń pariwo. Ó ń fi gìgísẹ̀ bàtà lu Byeongsu, àbúrò ọkọ rẹ̀, lórí, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn wọ̀ ọ́ lójú. Byeongsu ò gbọ́wọ́ sókè. Ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ní èbúté Mokpo, ìjà dé lórí ta ni yóò jogún ọkọ̀ ìpẹja baba wọn, ni Byeongsu bá ki ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń la ẹja bọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítan, ó kan eegun. Ìdọ̀tí ọ̀bẹ yẹn ti wọnú ẹ̀jẹ̀ Gapsu báyìí. Bó bá kú, apààyàn ni Byeongsu.

Dókítà Ok, ọ̀dọ́mọkùnrin, sáré jáde, ẹ̀rín lẹ́nu. "Ẹ fi í sílẹ̀, Màdáámù! Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ọkọ yín jẹ́ ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún láàárọ̀. Ó ti wálẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, bíi ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Mo ti ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn ní bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe."

Byeongsu kúnlẹ̀. "Ó ti wálẹ̀! Olúwa, ẹ ṣeun!"

"Ẹ gba bẹ́ẹ̀dì yẹn padà, Dókítà," ni Malsuk wí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń ka ẹ̀jẹ̀ nísàlẹ̀ ilé ìwòsàn náà. "Ọmọ ogun ara ni sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn. Wọn ò ṣẹ́gun relé o, wọ́n ń kú ni. Mo fojú ara mi kà wọ́n lábẹ́ maikirosikóòpù. Nínú ọgọ́rùn-ún, ó lé ní àádọ́ta tí kò tíì gbó. Ara ti ń rán ọmọ ọwọ́ lọ sójú ogun."

"Màmá, nọ́ńbà náà ò pupa lórí kọ̀ǹpútà," ni Dókítà wí. "Bí ewu bá wà, pupa ni ẹ̀rọ máa fi hàn."

"Ẹ̀rọ ń ka iye wọn, kì í bèèrè ọjọ́ orí wọn."

"Àjẹ́!" Byeongsu dìde. "Ikú lo wá kéde fún wa?"

Ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ba Malsuk lójú. Jígí ojú rẹ̀ fọ́, ó ya ìpéǹpéjú rẹ̀, eyín kan sì bọ́ sílẹ̀. Malsuk ṣubú. Byeongsu tún gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè. Malsuk ò bojú. Ìwé àyẹ̀wò ló nà sí dókítà láti ilẹ̀.

"Kó lù mí tán. Ẹ̀yin ẹ ṣáà lọ di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú."

Dókítà Ok wọlé lọ bá aláìsàn náà. Ọwọ́ Gapsu tutù bí ẹja orí yìnyín; ó ń pe baba wọn tó ti kú. "Ẹ dá bẹ́ẹ̀dì yẹn padà! Kíá!" Eré ni wọ́n fi tì í lọ. Nígbà tí wọ́n la itan rẹ̀, ẹran jíjẹrà dúdú ni wọ́n kó jáde.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n ti rán ìpéǹpéjú Malsuk. Ojú kan ló fi ń ka ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọlọ́pàá mú Byeongsu kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró.

"Màmá, ẹ forí jì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n gbàdúrà kó wálẹ̀ ni, àbí kó gòkè?"

"Kó gòkè, ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ kò tíì bọ́ o, àmọ́ nọ́ńbà náà ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Àwọn tó gbó sì ti ń padà."

Byeongsu fi orí ti férémù ilẹ̀kùn, ó sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Malsuk gbójú sókè sí ìwé orí ògiri: *Èyí tó bá pupa nìkan ni kí ẹ fi fóònù pè sí wọ́ọ̀dù.* Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́, ní ogún ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Mélòó nínú àwọn tí nọ́ńbà wọn ò pupa ló ti kọjá lábẹ́ ojú òun báyìí, láìpe ẹnikẹ́ni?

Ó ṣí ìwé náà kúrò lára ògiri, ó sì fà á ya.

Olúwa kò ní jẹ́ kí ẹni tó ń ṣọ́ yín dákẹ́ lọ́jọ́ tó yẹ kó pariwo. Àmín.