Ìwé Kan Tí Wọ́n Là Sí Méjì

Ìjà ìwé ló fà á. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, bàbá wọn ra ìwé ìmọ̀ gbogbogbòò kan, ìwé gbàǹgbà tó wúwo bí búlọ́ọ̀kù, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sì ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ látàárọ̀ dalẹ́. Nígbà tó sú ìyá wọn, ó mú ọ̀bẹ, ó la ìwé náà sí méjì láti ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n gba sáyẹ́ǹsì, ẹranko àti ewéko. Àbúrò gba ìtàn ìgbà àtijọ́, lítíréṣọ̀ àti orin.

"Ẹni tó bá fọwọ́ kan ti ẹnì kejì, èmi àti ẹ̀ ló kù," ni ìyá wí. Ẹ ò rí ìyá bí? Ó rò pé ìjà lòun parí, àṣé òfin ló fi lélẹ̀.

Àwọn ọmọ dàgbà, òfin ò kúrò nílẹ̀. Wọ́n jọ ṣí ilé ìfọṣọ, bí wọ́n ti ń lọ aṣọ ni wọ́n ń bi ara wọn ní ìbéèrè. Bí oníbàárà bá bi Àbúrò pé ẹsẹ̀ mélòó ni aláǹtakùn ní, á ní, "Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi dé." Ẹ̀gbọ́n náà kò jẹ́ sọ iye okùn tó wà lára gìtá, àní kí gìtá ọ̀hún wà níwájú rẹ̀. Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Lọ́dọọdún, àwọn méjèèjì ń lọ síbi ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn ilé-iṣẹ́ rédíò, ipò kejì ni wọ́n sì máa ń gbé wálé. Ife ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ń jẹ Ẹ̀gbọ́n lọ́kàn ju oúnjẹ lọ.

Àfi bí àìsàn ṣe gbé Ẹ̀gbọ́n dè. Ní ọsibítù, ó na ọwọ́ sí àbúrò rẹ̀.

"Súnmọ́ mi. Mo fẹ́ kọ́ ẹ ní tèmi."

"Rárá o, àǹtí mi. Tiyín nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ máa dáhùn ẹ̀ tẹ́ ẹ bá dìde."

"Tí n ò bá wá dìde ńkọ́?"

Àbúrò fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Lójú tirẹ̀, ọjọ́ tóun bá kọ́ ọ lòun fọwọ́ sí ikú ẹ̀gbọ́n òun. Ẹ̀gbọ́n wò ó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Olóríkunkun," ó sì kọjú sí ògiri. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tó fi kú.

Níbi ìsìnkú, omijé kan ò jáde lójú Àbúrò. Àwọn ènìyàn ní ọkàn rẹ̀ le. Kò le o. Ó kàn ń dúró de Ẹ̀gbọ́n ni.

Nígbà tí ìdíje dé, òun nìkan ló lọ. Wọ́n bi í ní iye bọ́tìnnì títẹ̀ tó wà lára dùùrù ńlá tí wọ́n ń pè ní píánò, ó ní méjìdínláàádọ́rùn-ún kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n gbogbo ìbéèrè sáyẹ́ǹsì, ńṣe ló pa ẹnu mọ́, àmì sì ń lọ. Àwọn èrò ń kùn. Síbẹ̀, ó bá àwọn olùkọ́ méjì tí wọ́n jọ ń figagbága dọ́gba, ó wá ku ìbéèrè kan ṣoṣo.

Atọ́kùn ètò, tó ti wá síbi ìsìnkú Ẹ̀gbọ́n, ṣàánú rẹ̀, ó mú ìbéèrè tó rọrùn jù. "Nínú àwọn ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú, èwo ló ní apá, tó sì ń fò bí ẹyẹ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ má bá wọn sọ ọ́ o!"

Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ẹni tí kò kàwé rí mọ̀ pé àdán kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Àmọ́ ẹranko ni, ti Ẹ̀gbọ́n ni. Bí Àbúrò bá dáhùn, ife tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú láì fọwọ́ kàn yóò délé. Bó bá sì dáhùn, a jẹ́ pé òun náà gbà pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀ mọ́. Ó wo ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà. Ó wò ó pẹ́. Kò sẹ́ni tó wọlé.

"Àdán ni," ó wí.

Gbọ̀ngàn gba ariwo. Atọ́kùn gbé ife fún un, ó na makirofóònù sí i lẹ́nu. "Tí ẹ̀gbọ́n yín bá ń gbọ́ wa báyìí, kí lẹ máa sọ fún wọn?"

Àbúrò gbá ife náà mọ́ àyà. "Àǹtí mi, ẹ má bínú. Mo ti bá yín dáhùn tiyín. Mo dúró títí, ẹ ò dé."

Ẹkún tí kò sun níbi ìsìnkú, ibẹ̀ ló ti sun ún, lójú gbogbo èrò, títí wọ́n fi fi orin sí i lórí rédíò.