Iye Àṣìṣe Tí Ẹ̀rọ Lè Fara Dà

Délé, jókòó kí o gbọ́ àlá tí mo lá mọ́jú. Mo bá ara mi nínú kọ̀ǹpútà ńlá tí mò ń tọ́jú ní ọ́fíìsì. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo bá nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, wọ́n ń fi òkúta wẹ́wẹ́ ka àṣìṣe ẹ̀rọ náà.

Mo dúró níta lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Mọ́mì, tó bá pé mélòó lẹ máa pè wá?"

Wọ́n ní, "Ìyẹn ò kan ẹ̀yin tí ẹ wà níta."

Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi yọ fèrèsé sára ògiri, wọ́n sì gbé pátákó kọ́ ibẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó pè wá. Èéfín ti ń rú, wọn ò tíì pe ẹnì kankan. Mo nawọ́ látìta, mo sọ ọ́ di ọ̀kan. Ni wọ́n bá ń pariwo lórí eruku lásán. Mo sọ ọ́ di mẹ́wàá, ara tu gbogbo wa.

Wọ́n wá ní, "Ìwọ ńkọ́?" Ni wọ́n bá yọ fèrèsé sí mi láyà. Mẹ́ta ni mo rí tí wọ́n kọ síbẹ̀. Kí n tó nawọ́ sí i, mo jí.

N ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ o. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì lo ti fi mí rẹ́rìn-ín látìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀.