Àkàlà Oko Ràhámọ̀tù

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 2023, Ọmọ́yẹni, ìyàwó Gbádégẹṣin, kú ní Sókódé, ní ilẹ̀ Tógò.

Obìnrin náà kò rìnrìn àjò jìnnà rí. Ohun tí ó fẹ́ràn ni kí ọkọ rẹ̀ gbé e sẹ́yìn alùpùpù láàárọ̀ Sátidé, kí wọ́n gba Tchamba lọ sí Kambolé, ìlú rẹ̀, kí wọ́n máa dúró wo ẹyẹ lójú ọ̀nà. Ó máa ń wí pé, "Àwọn kan ń wọ bàálù lọ wo ẹyẹ. Tiwa ń bẹ létí títì, a ò tíì kí wọn tán." Ó mọ ibi tí ẹ̀gà ń kọ́lé sí, ó mọ igi tí àṣá ń bà lé. Àkàlà nìkan ni kò rí. Bàbá rẹ̀ rí i. Òun kò rí i títí ó fi kú.

Oṣù mẹ́rin ni Gbádégẹṣin fi jókòó sílé. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó pinnu láti rí àkàlà nítorí ìyàwó rẹ̀ kí òjò tó dé, nítorí pé ilẹ̀ ni ẹyẹ yìí ń fẹsẹ̀ rìn, bí koríko bá sì ti ga, ó di àwátì. Ó bẹ Ayọ̀ọlá, bàbá ọlọ́mọ méjì kan ládùúgbò tí ń fi alùpùpù gbé èrò, pé kó gbé òun lọ sí ọ̀nà Kambolé.

Kí wọ́n tó dé Tchamba, wọ́n ti dúró lẹ́ẹ̀mẹrin.

"Bàbá, bí a bá ń kí gbogbo ẹyẹ báyìí, ìgbà wo la máa dé?"

"Ìwọ náà kí wọn. Ta ní ń lé ọ?"

Ní Tchamba, wọ́n jẹ ẹ̀wà àti gàrí. Gbádégẹṣin rí i pé òun jẹ tòun tán. Ó ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n tún gbéra, Ayọ̀ọlá ló ń nawọ́ sí lékelèke.

Nítòsí Kambolé, wọ́n bá oko kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun. Gbádégẹṣin dúró létí rẹ̀, ó gbé awò olójú méjì sójú, ó ń kọ̀wé. Obìnrin mẹ́ta jáde sí i tàwọn ti ọkọ́ lọ́wọ́. Ràhámọ̀tù, àgbà wọn, ló sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin awọnlẹ̀, òpó ààlà tí ẹ rì sí oko wa léèṣí, a ti hú u. Ẹ máa lọ."

"Èmi kì í ṣe awọnlẹ̀. Ẹyẹ ni mo ń wò."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn sì bi í pé:

"Àgbàlagbà bíi yín? Adìẹ yín ló sọnù ni?"

Ayọ̀ọlá fẹ́ fèsì, Gbádégẹṣin fọwọ́ dá a dúró. Bí wọ́n bá lé e níhìn-ín, ó di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Ó sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ ìsìnkú.

"Ìyàwó mi ló ń wá àkàlà. Ọmọ Kambolé ni. Ó kú kó tó rí i."

Ràhámọ̀tù sọ ọkọ́ kalẹ̀.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù." Ó nawọ́ sẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ pa alùpùpù yẹn. Ariwo rẹ̀ ló lé àwọn àkàlà sẹ́yìn igi igbá. Wọn ò ní ṣàì padà wá jẹ tata."

Gbogbo wọn lóṣòó. Kò pẹ́, àkàlà mẹ́ta jáde, wọ́n ga, wọ́n dúdú, wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ bí ìjòyè tó ń lọ sípàdé. Ọ̀fun ọ̀kan pupa. Ti àwọn yòókù rí bí aró. Gbádégẹṣin wò wọ́n títí ojú fi ń ro ó. Lẹ́yìn náà, ó gbé awò fún Ràhámọ̀tù.

"Ẹ wo ìpéǹpéjú rẹ̀," obìnrin náà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Irun rẹ̀ gùn ju tèmi lọ."

Gbádégẹṣin rẹ́rìn-ín sókè. Àwọn àkàlà na ìyẹ́, funfun tó fara sin lábẹ́ rẹ̀ yọ, wọ́n fò lọ sí apá Kambolé. Kò dùn ún. Ó ti rí wọn.

Ó rìn lọ síbi tí wọ́n dúró sí. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ nìyí: ipasẹ̀ ńláńlá nínú eérú, ihò mẹ́rin tí wọ́n fẹnu gbẹ́, ìyẹ́ dúdú kan, àti itan tata tó ṣì ń mì.